Lẹ́yìn tí LED bá ti ṣẹ́jú: iṣẹ́ wo ló kàn fún ẹni tó ń kọ́ ẹlẹ́kitírọ́níìkì?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí àwọn ọmọ wa, àti àgbà pẹ̀lú, tí wọ́n ti ra bọ́ọ̀dù Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà bíńtín tí a ń kọ kóòdù sí, tí wọ́n ti tẹ̀ lé ìwé tó bá a wá, tí wọ́n ti mú kí LED, gílóòbù bíńtín inú páálí, máa tàn kó sì máa kú, tí wọn ò wá mọ ibi tí wọn yóò gbà lọ mọ́. Irú wọn pọ̀ nílùú. Ilé-ìwé ń rà á, òbí ń rà á, wọ́n ń tà á ní Alaba àti ní Computer Village ní Ìkẹjà nínú páálí tó kún fún oríṣìíríṣìí nǹkan. Kò ní pẹ́, páálí náà á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ọmọ bá padà lọ bá ẹni tó tà á fún un, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kó ra páálí tó tóbi jù ú lọ, èyí tó ní ọwọ́ róbọ́ọ̀tì tàbí mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Èmi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ilé nílò ló yẹ kó kàn, kí ọmọ náà ṣe é dópin, kí ẹ̀rọ náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù kan gbáko láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni ẹ̀rọ tí yóò máa kọ ìgbà tí iná NEPA dé àti ìgbà tí wọ́n mú un lọ. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, sún owó iná àwọn tó wà ní Báǹdì A sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Owó náà ti ń lọ sókè-sódò láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà: Báǹdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Báǹdì B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ẹni tó ń san owó Báǹdì A, kí ni yóò fi mọ̀ pé wákàtí 20 náà pé? Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ àdúgbò fi ń bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná jà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ti mọ bí a ṣe ń tan LED lè fi àkọsílẹ̀ tó dájú lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdí míì tí mo fi yan iṣẹ́ yìí ni pé kò gba èèyàn láyè láti fo ẹ̀kọ́ kankan. LED tó ń ṣẹ́jú, bí bọ́ọ̀dù bá kú tó sì tún jí, yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí iná ní láti mọ aago tó lù, ó ní láti rántí ohun tó ti kọ bó tilẹ̀ kú, ó ní láti wà láàyè nígbà tí iná kò sí gan-an, kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ohun tó ń ṣọ́ bá ṣẹlẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni páálí ìbẹ̀rẹ̀ kì í kọ́ èèyàn.

Ohun tí ẹ ó rà kò pọ̀. Bọ́ọ̀dù Uno (irú Arduino tó wọ́pọ̀) tó wà nílé náà tó. Bó bá jẹ́ ti àwọn Ṣáínà tó ní chip CH340 lára, kò burú, àfi kí ẹ rí i pé dráfà CH340, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá chip náà mọ̀, wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí bọ́ọ̀dù rárá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn USB, torí ọ̀pọ̀ okùn tó bá ṣájà olówó pọ́ọ́kú wá kò ní ju wáyà iná méjì nínú, kò lè gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, ẹ ra aago DS3231 kan, ohun ìkàwé káàdì SD kan pẹ̀lú káàdì tí kò ju 32 GB lọ, PC817 (chip kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìròyìn kọjá láti apá kan sí ìkejì) méjì nítorí pé kò wọ́n, rẹsísítọ̀ 1 kΩ, àti breadboard, pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀ láìjó o. Ẹ wá ṣájà fóònù àtijọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Bí ẹ kò bá tíì ní mọ́ltímítà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí gbogbo ìyókù dúró dè é. Ẹni tí kò lè wọn nǹkan, àfọwọ́bà ló ń ṣe. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ihò tí wọ́n kọ 10A sí lára àwọn olówó kékeré: lórí ọ̀pọ̀ wọn, kò sí fíúùsì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà pupa síbẹ̀ tó sì lọ wọn fóòtéèjì bátìrì ti so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ tààrà nìyẹn. Iná yóò ṣẹ́, ẹnu wáyà yóò yọ́.

Òfin tí n kò ní yéé tẹnu mọ́ ni pé iná ilé, 230V, kò gbọdọ̀ dé orí breadboard láéláé. Àwọn àwòrán kan wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí ẹ fa wáyà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó gba inú rẹsísítọ̀ ńlá kan, kó wá wọ PC817. Ẹ má ṣe é. Iná 230V yẹn ń fò dé bí 325V ní góńgó ìgbì rẹ̀, rẹsísítọ̀ tín-ín-rín tó wà nínú páálí yín kì í sábà gba ju 250V lọ, ihò breadboard kò sì jìnnà síra ju mílímítà 2.54. Ṣájà fóònù ti bá yín ṣe iṣẹ́ tó léwu náà tán: nígbà tí iná bá wà, 5V ń jáde lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí iná bá lọ, kò sí nǹkankan. Ohun tó kù ni kí Uno máa wo 5V yẹn.

Bí a ó ṣe so ó nìyí. Ẹ gé okùn USB àtijọ́ kan, ẹ bó wáyà pupa àti dúdú inú rẹ̀. Ẹ má gba àwọ̀ gbọ́ títí ẹ ó fi fi mọ́ltímítà wò ó, torí àwọn okùn ayédèrú máa ń pààrọ̀ àwọ̀. PC817 ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, àmì róbótó kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ 1 hàn. Ẹ gbé e gun kòtò tó la ààrin breadboard kọjá, kí ẹsẹ̀ méjì wà lápá kan, kí méjì wà lápá kejì. Bó bá jókòó sí apá kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò so pọ̀ mọ́ra, kò sì ní ṣiṣẹ́. Wáyà pupa ṣájà wọ inú rẹsísítọ̀ 1 kΩ, rẹsísítọ̀ náà lọ sí ẹsẹ̀ 1, wáyà dúdú lọ sí ẹsẹ̀ 2. Ní òdìkejì, ẹsẹ̀ 4 lọ sí ẹsẹ̀ 2 ti Uno, ẹsẹ̀ 3 lọ sí GND ti Uno. Nínú kóòdù, ẹ pe ẹsẹ̀ 2 Uno ní INPUT_PULLUP, èyí tó ń fi rẹsísítọ̀ inú chip fa ẹsẹ̀ náà sókè sí 5V. Ẹ̀ka tó wà lápá ṣájà jẹ́ LED kékeré kan tí a kò lè rí. Ó ń jẹ nǹkan bíi 1.2V, 3.8V tó kù sì wà lórí 1 kΩ, nítorí náà 3.8 mA ló ń kọjá, ó sì tó. Bí LED inú náà bá tàn, apá kejì yóò fa ẹsẹ̀ 2 Uno wálẹ̀. Ìyẹn ni pé LOW túmọ̀ sí pé iná wà, HIGH túmọ̀ sí pé iná ti lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ sódì, tí àkọsílẹ̀ wọn á máa sọ pé iná wà nígbà tí òkùnkùn ṣú.

Ẹ fi mọ́ltímítà wò ó kí ẹ tó kọ ìyókù kóòdù. Uno ti ní iná, ẹ ti fi INPUT_PULLUP sí i. Mọ́ltímítà wà láàárín ẹsẹ̀ 4 PC817 àti GND. Nígbà tí ẹ bá yọ ṣájà kúrò lára ògiri, ẹ gbọ́dọ̀ rí ohun tó súnmọ́ 5V. Nígbà tí ẹ bá fi í padà, kò yẹ kó ju 0.3V lọ. Bó bá dúró sí 5V ní ìgbà méjèèjì, ẹ pààrọ̀ wáyà ẹsẹ̀ 1 àti 2 PC817 síra wọn. Bó bá dúró sí òdo ní ìgbà méjèèjì, ó lè jẹ́ pé chip náà jókòó sí apá kan breadboard, tàbí pé ó ti kú.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣebí 5V ni ṣájà, 5V sì ni Uno, kí ló dé tí a ò kàn so ó mọ́ ẹsẹ̀ 2 Uno tààrà? Ìdí méjì ni. Bí iná tó ń gbé Uno bá lọ tí ṣájà sì ń ṣiṣẹ́, 5V yóò gba ẹsẹ̀ 2 wọ inú chip láti ẹ̀yìn, yóò máa gbé bọ́ọ̀dù náà láàbọ̀-ara: kò kú, kò yè, ó sì lè ba káàdì jẹ́. Ìdí kejì ni pé ṣájà olówó kékeré máa ń jò díẹ̀ láti ojú iná ilé, ìyẹn ló fà á tí fóònù fi ń ta èèyàn lọ́wọ́ nígbà míì. Pẹ̀lú PC817, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín apá méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má so GND ṣájà pọ̀ mọ́ GND Uno níbí o. Gbogbo ìwé ló ń kọ́ yín pé GND gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ibí ni àyàfi rẹ̀ wà.

Ohun méjì ni ẹ̀rọ yìí kò lè mọ̀, ẹ má sì tan ara yín. Ṣájà fóònù ń ṣiṣẹ́ láti 100V dé 240V. Iná tó rẹ̀ dòò, tí kò lè gbé fíríìjì, tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná wà. Láti wọn fóòtéèjì gan-an, ẹ nílò nǹkan bíi ZMPT101B, èyí tí 230V ń wọ inú rẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí LED. Ẹ kàn máa fi bírò kọ ọjọ́ tí iná bá rẹ̀. Ohun kejì ni jẹnẹrétọ̀. Nínú ilé tó ní changeover, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gba iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ bákan náà, ṣájà kò sì mọ ìyàtọ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan síwájú changeover pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Ẹ má ṣe é fúnra yín, torí wáyà ibẹ̀ máa ń ní iná lára nígbà tí ilé dà bí ẹni pé òkùnkùn ni. Ilé tó ń lo inverter náà ní láti fi ṣájà sí apá tí inverter kì í gbé.

Aago ló kàn. Ẹ so SDA mọ́ A4, SCL mọ́ A5, VCC mọ́ 5V, GND mọ́ GND. DS3231 kò ní ṣìnà ju bí ìṣẹ́jú kan lọ lọ́dún, torí ó ń wo bí ooru ṣe rí, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. DS1307 tó pọ́ọ́kú jù ú lọ kò ní irú ìyẹn, ooru yàrá wa sì ń jẹ́ kó ṣáko lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan lára bọ́ọ̀dù DS3231 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ ZS-042 sí: wọ́n ṣe é kó máa fi iná kún bátìrì inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ CR2032 tí gbogbo wa ń rà kò ṣe é fi iná kún, ó lè wú tàbí kó jò. Rẹsísítọ̀ bíńtín kan tí wọ́n kọ 201 sí wà nítòsí dáyóòdù aláwọ̀ pupa bíi gíláàsì. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kò sí ohun míì tó máa bàjẹ́.

Nípa bí a ṣe ń ṣètò aago náà, RTClib, àkójọ kóòdù tí Adafruit ti kọ sílẹ̀, ló rọrùn jù. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ń lo rtc.adjust láti fún aago ní àkókò tí a kọ kóòdù náà sínú bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá fi ìlà yẹn sílẹ̀ nínú setup láìfi nǹkan dè é, ní gbogbo ìgbà tí Uno bá kú tó tún jí, aago yóò padà sí ọjọ́ tí ẹ kọ kóòdù. Àkọsílẹ̀ oṣù kan yóò kún fún wákàtí kan náà. Ẹ fi í sábẹ́ if (rtc.lostPower()), kó lè jẹ́ pé ìgbà tí bátìrì aago bá ti kú nìkan ni yóò ṣẹlẹ̀.

Káàdì SD: CS lọ sí 10, MOSI sí 11, MISO sí 12, SCK sí 13. Kí káàdì jẹ́ FAT32. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ṣíwájú àmì ìdánudúró, torí bẹ́ẹ̀ INA.TXT ló dára. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ ìlà kan, ẹ ti fáìlì náà pa pẹ̀lú close. Bí ẹ kò bá tì í, ohun tí ẹ kọ ṣì lè wà nínú iyàrá ìrántí Uno, bí iná bá lọ báyìí, ó dòfo.

Kóòdù ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù wà. Ìwé inú páálí ti mú kí delay mọ́ ọmọ lára. Bí ẹ bá kọ delay(60000) kí ẹ̀rọ lè máa wo ẹsẹ̀ 2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀dù kò ní gbọ́ kò ní rí fún odidi ìṣẹ́jú náà. Iná lè dé kó sì tún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40, kò ní mọ̀. Millis ni kí ẹ lò, òun ló ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti jí. Nígbà tí ẹsẹ̀ 2 bá yí padà, ẹ fi iye millis pamọ́, ẹ sì ka aago DS3231 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ náà bá dúró lójú kan fún 5000, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, nígbà náà ni kí ẹ tó kọ ọ́ sínú káàdì, kí ẹ sì kọ aago ìgbà tó yí padà, kì í ṣe aago ìgbà tó fìdí múlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe máa ń dé nílẹ̀ yìí: á ṣẹ́ fìrí, á lọ, á tún padà, kó tó wá jókòó. Láìsí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, ìgbà kan tí iná dé á di ìlà mẹ́fà.

Ibi tí èyí ti ń bàjẹ́ ni irú àpò tí wọ́n fi nọ́ńbà náà pamọ́ sí. Unsigned long ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lórí Uno, int kò lè gbà ju 32,767 lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 32 àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò di nọ́ńbà òdì, ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa nígbà tí ẹ dán an wò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège kí ẹ tó mu omi tán. Millis fúnra rẹ̀ ń padà sí òdo lẹ́yìn ọjọ́ 49 àti wákàtí 17. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ báyìí: if (millis() - atijo >= 5000). Ẹ má kọ ọ́ sí millis() >= atijo + 5000. Èyí àkọ́kọ́ ń bá a mu bí nọ́ńbà náà tilẹ̀ ti yí po. Èkejì á ṣiṣẹ́ fún oṣù kan àtààbọ̀, kó tó já yín kulẹ̀ nígbà tí ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ kọ.

Ìrántí Uno kò ju báìtì 2,048 lọ, iṣẹ́ káàdì SD nìkan sì ń gba 512 níbẹ̀. Gbogbo gbólóhùn tí ẹ bá kọ sínú Serial.println ń jẹ nínú èyí tó kù, àfi tí ẹ bá fi F yí i ká, bíi Serial.println(F("Kaadi ko si")). Bí bọ́ọ̀dù bá ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí káàdì tó ń ṣiṣẹ́ lánàá bá sọ pé òun kò sí lẹ́yìn tí ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún kóòdù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó dá káàdì lẹ́bi.

Kí ẹ tún jẹ́ kó kọ ìlà kan nígbàkigbà tí Uno bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àti ìlà kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti fi hàn pé òun ṣì wà. Láìsí èyí, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tí iná kò lọ rárá àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti kú. Ìlà 144 lójúmọ́ kò tó nǹkankan fún káàdì.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná kò gbọdọ̀ bá iná kú. Power bank ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa ara wọn bí ohun tí a so mọ́ wọn kò bá fa iná tó, wọ́n á rò pé fóònù ti kún ni, Uno pẹ̀lú aago àti káàdì kì í sì í sábà fa ju 50 sí 80 mA lọ. Bátìrì 12V oní 7Ah, irú èyí tó ń wà nínú UPS, ló dára jù, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù LM2596 tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 5V. Ẹ kọ́kọ́ so LM2596 mọ́ bátìrì nìkan, ẹ fi mọ́ltímítà sí ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀, ẹ máa yí skúrúù orí rẹ̀ títí yóò fi ka 5.0V, kí ẹ tó so Uno mọ́ ọn. Lọ́jà, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n yí skúrúù yẹn sí. 12V tó wọ ẹsẹ̀ 5V Uno kò ní bi yín léèrè kó tó jó o. Láti LM2596, iná ń wọ ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 5V sí, ẹ má sì fi USB sí i ní àkókò kan náà. Ẹ fi fíúùsì 1A sí ẹ̀bá orí bátìrì, torí bátìrì 7Ah lè yọ́ wáyà breadboard kí ẹ tó lè fà á tu.

Ìṣirò rẹ̀ rèé: 5V ní ìlọ́po 0.08A jẹ́ wáàtì 0.4. Bí LM2596 bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, a ó fa wáàtì 0.5, ìyẹn bí 0.042A láti inú 12V. Ẹ pín 7 sí 0.042, ó lé ní wákàtí 160. Ṣùgbọ́n bátìrì lẹ́ẹ̀dì tí a bá ń fà gbẹ kì í pẹ́ láyé, ẹ ka ìdajì, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ láìsí iná. Ṣájà bátìrì tó ń dúró ní 13.8V tàbí sólà wáàtì 10 pẹ̀lú controller rẹ̀ yóò máa kún un padà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lórí breadboard, ẹ gbé e lọ sórí veroboard, pátákó tí a ń fi lẹ́ẹ̀dì jó nǹkan mọ́, torí wáyà breadboard ń tú bí ológbò bá kọjá lára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 oní mílímítà 0.8, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ ọ ní bí 350°C. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù mú ẹsẹ̀ nǹkan náà àti òrùka bàbà gbóná pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn án. Ẹni tó bá yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí áyọ́ọ̀nù tó wá ń fi rẹ́ ẹ máa rí kókó ribiti tí kò dán, tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Fún ọmọ tí kò tíì ní owó ohun èlò, Wokwi, ibi tí a ti lè dán bọ́ọ̀dù àti kóòdù wò lójú kọ̀ǹpútà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Uno, káàdì SD àti aago DS1307 wà níbẹ̀, àdírẹ́sì 0x68 kan náà ni DS1307 àti DS3231 ń jẹ́, nítorí náà ìlà méjì péré, orúkọ aago àti lostPower, ni ẹ ó yí padà nígbà tí ojúlówó bá dé. Bọ́tìnì kan lè dúró fún PC817. Àwọn tó bá fẹ́ ESP32, bọ́ọ̀dù tó ní Wi-Fi nínú, lẹ́yìn èyí, kó lè máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ láti orí Wi-Fi, kí wọ́n rántí pé 3.3V ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà, 5V lè bà á jẹ́, àti pé ẹsẹ̀ 34 dé 39 kò lè ṣe ju kíkà lọ, kò sì ní pull-up nínú. PC817 tó wà lórí ẹsẹ̀ 34 nílò rẹsísítọ̀ 10 kΩ tirẹ̀ sí 3.3V.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ fún wa ní ìdámẹ́rin ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ tẹ àwòrán ìsopọ̀ yìí jáde ní àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gba àkọsílẹ̀ oṣù kan lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣe é: orúkọ àdúgbò, báǹdì tó wà lórí ìwé owó iná wọn, wákàtí iná ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba oṣù náà, wákàtí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò fi sí lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ tí iná rẹ̀, àti bóyá ṣájà wà níwájú changeover tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́yìn changeover, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́kitírọ́níìkì,
Ìbàdàn.